Òróró àlòkù fún ọkọ̀ akólẹ̀: lẹ́tà ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìrìnnà, Òkè-Mosàn, Abẹ́òkúta

Ọ̀gá wa Kọmíṣọ́nnà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ kú làálàá ojú títì, ẹ sì kú ìfaradà, torí ẹni tó bá wà nídìí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nílẹ̀ yìí, ojoojúmọ́ ni àwa ará ìlú ń bú u.

Mẹkáníìkì dísù ni mí. Ẹ̀bá Lafẹ́nwá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Típà, tírélà, bọ́ọ̀sì elérò púpọ̀, jẹnẹrétọ̀ ńláńlá, àtàwọn ọkọ̀ akólẹ̀ tí ẹ̀yin náà mọ̀ dáadáa, ara wọn ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti gba fúríìdọ̀mù. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín kò gùn. Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ akólẹ̀ Abẹ́òkúta, ká máa fi epo tí wọ́n fi òróró àlòkù ṣe lú dísù tí wọ́n ń mu, ìdá 20 nínú 100, ká sì ṣe é débi pé kò ní í di ohun ẹ̀sín lẹ́yìn ọdún kan. Torí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Biodiesel ni wọ́n ń pe epo náà. Ọjọ́ ẹ̀ ti pẹ́. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́ńjìnì tí à ń tún ṣe yìí, fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé níbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Paris ní 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi wa ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnì tó wà níbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ débi pé ìwọ̀nba èèyàn ló fura. Epo rọ̀bì ló wá pọ̀ lọ́jà tó sì dínwó, ni gbogbo ayé bá gbàgbé òróró.

Àmọ́ òróró lásán nípọn jù fún ẹ́ńjìnì òde òní. Tí wọ́n bá dà á bẹ́ẹ̀ sínú táǹkì, nọ́sùlù kò ní lè fọ́n ọn, kò ní jóná tán, èédú á sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹnu rẹ̀. Mo ti ṣí irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ rí, iṣẹ́ tó bani nínú jẹ́ ni. Torí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ òróró di nǹkan mìíràn. Wọ́n á yọ omi àti ìdọ̀tí inú ẹ̀, wọ́n á mú un gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 55 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á wá da methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, tí wọ́n ti yọ́ kọ́sítíìkì sóódà sínú ẹ̀ lé e lórí. Fún 100 lítà òróró, methanol tí wọ́n ń lò tó nǹkan bí 20 lítà. Kọ́sítíìkì yìí kan náà ni àwọn ìyá aláàdìrẹ wa ní Ìtòkú ń dà sínú aró, òun náà ni àwọn alọ́ṣẹ ń lò. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń po ọṣẹ ti rí ìdajì iṣẹ́ náà. Ohun tó yí i padà ni methanol: òun ni kì í jẹ́ kí òróró náà di ọṣẹ, tó fi ń di epo.

Èmi àtàwọn ọmọọṣẹ́ mi ti ṣe é ní kékeré, nínú ike tó ń fi inú hàn, ká lè mọ ohun tí à ń sọ. Òróró alákàrà kan ní àdúgbò wa la rà. Ó ti dúdú, èérún àkàrà àti àlùbọ́sà tó ti jóná sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. A fi aṣọ sẹ́ ẹ, a gbé e kaná títí omi inú ẹ̀ fi ta tán tí kò pariwo mọ́. A gbé iná kúrò níbẹ̀ pátápátá kí a tó mú methanol jáde, torí nǹkan yẹn máa ń gbiná láti òkèèrè, òórùn rẹ̀ kò sì dáa fún èèyàn. Nígbà tí a pò ó pọ̀ tán, gbogbo ẹ̀ kọ́kọ́ dàrú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pín sí méjì. Gílísẹ́rìnì, nǹkan dúdú tó ń fà, ti sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀. Èyí tó wà lókè sì mọ́ débi pé ẹ ó rí ìka yín láti ẹ̀yìn ike. A fi omi fọ èyí tó wà lókè léraléra, a jẹ́ kí omi náà gbẹ kúrò lára ẹ̀, a dà á sínú jẹnẹrétọ̀ dísù. Ó gbà á. Èéfín rẹ̀ fúyẹ́, òórùn ibi tí wọ́n ti ń dín nǹkan ló sì ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọọṣẹ́ mi ní ebi ti ń pa òun.

Ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rí irú nǹkan báyìí kó wá sá wá sí ọ́fíìsì yín pé òun ti rí epo tí ìjọba yóò máa lò. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kan kì í ṣe ẹ̀rí. Epo lè mọ́ lójú kí methanol tàbí omi ṣì kù nínú ẹ̀, kí gílísẹ́rìnì ṣì wà níbẹ̀ tí yóò dì mọ́ fílítà. Ojú kò lè rí i. Láàbù ló ń rí i, òdiwọ̀n àjọ ASTM ti Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò sì wà nílẹ̀: ASTM D6751 fún biodiesel tí wọn kò tíì lú mọ́ nǹkan kan, ASTM D7467 fún dísù tí wọ́n ti lú ìdá 6 sí ìdá 20 rẹ̀ mọ́.

Ibo la ti máa rí òróró náà? Ìlú wa fẹ́ràn nǹkan díndín. Láti Pànsẹ́kẹ̀ dé Kútọ̀, láti Àsẹ̀rò dé Ọbàntókò, ẹ ò lè rìn jìnnà kí ẹ má kan àgbada. Àkàrà láàárọ̀, dòdò àti dùndún lọ́sàn-án, pọ́fù-pọ́fù nírọ̀lẹ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi àwòrán ìyá alákàrà tàn yín. Ìyá alákàrà kì í sábà ní òróró tó ṣẹ́kù. Bó ṣe ń fà á ló ń bu òmíràn kún un, títí yóò fi tán sára àkàrà. Àwọn tó ní òróró àlòkù gidi ni hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ ńlá, àwọn tó ń ṣe ìpékeré àti ṣinṣín tà káàkiri, àtàwọn tó ń gbọ́únjẹ òde. Lọ́dọ̀ wọn, kẹ́ẹ̀gì ló ń kún.

Níbo ni kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn ń lọ báyìí? Òmíràn ń lọ sí gọ́tà, ibẹ̀ ni yóò ti dì mọ́ ìdọ̀tí tí gọ́tà náà yóò fi dí, tàbí kí òjò gbá a lọ sínú odò Ògùn. Òmíràn ń lọ sọ́dọ̀ àwọn alọ́ṣẹ, ìyẹn dáa. Òmíràn ń padà sẹ́nu wa. Ẹnìkan á rà á lẹ́dinwó, á lọ fi dín nǹkan tà fún ọmọ iléèwé. Òróró tí wọ́n bá ń dáná sí lójoojúmọ́ títí yóò fi dúdú kì í ṣe ara lóore, gbogbo dókítà ló ń sọ ọ́. Tí ìjọba bá ń fi owó gidi ra òróró yìí kúrò lọ́jà, kí epo ọkọ̀ tiẹ̀ tó dé táǹkì ni ìlú ti jèrè.

Owó náà ò gbọdọ̀ pọ̀ jù ṣá o. Ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wa. Lọ́jọ́ tí àlòkù bá ti fẹ́ẹ́ tó tuntun lówó, ẹnìkan á ra òróró tuntun, á dín dùndún ẹyọ kan nínú ẹ̀, á ní àlòkù dé.

Epo pupa tuntun àti òróró tuntun ni mi ò fẹ́ rí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ní nǹkan bí 1960, Nàìjíríà ló ń ṣíwájú ayé nínú epo pupa. Lónìí, à ń rà á wọlé láti òkè òkun kó lè kárí ọbẹ̀. Ìjọba tó bá da epo ọbẹ̀ sínú ọkọ̀ nírú àkókò yìí, kò yẹ kó retí pé kí àwọn ìyá ọlọ́jà Lafẹ́nwá kí òun. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tún gbé igi làpálàpá, tí àwọn òyìnbó ń pè ní jatropha, wá. Ẹ rántí bí ariwo rẹ̀ ṣe gba ayé kan ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, pé ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ni yóò ti hù, pé èso rẹ̀ yóò sọ àgbẹ̀ di olówó epo. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí wọ́n ti gbìn ín, èso rẹ̀ kò tó nǹkan. Lọ́dọ̀ tiwa, ọgbà ilé ló ṣì fi ń ṣe iṣẹ́ jù.

Ìjọba àpapọ̀ náà ti sọ̀rọ̀ lórí epo ọ̀gbìn. Ìlànà kan jáde ní 2007, ìdá 20 tí mo ń sọ yìí gan-an ló wà níbẹ̀ fún dísù. Ìwé ló ṣì jẹ́ títí di òní. Ẹ ò ní láti dúró de Àbújá.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọkọ̀ akólẹ̀ ni mo mú. Torí pé alẹ́ ń kó gbogbo wọn padà sí ibì kan náà. Ojú ibì kan ni wọ́n ti lè máa bu epo fún wọn, mẹkáníìkì kan náà lè máa ṣọ́ wọn, dírẹ́bà wọn kì í rà níbi tó bá rí. Ọkọ̀ ọ̀gá tó ń lọ sí Àbújá lónìí, tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́la, kò ṣeé fi dán nǹkan wò. Ẹ tún wo irú iṣẹ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń ṣe: ó rìn díẹ̀, ó dúró, ẹ́ńjìnì ń kù láìkúrò lójú kan, àwọn ọmọkùnrin tó ń da pàǹtírí sí i lẹ́yìn sì wà nínú èéfín náà. Abẹ́òkúta yìí, òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Tí ọkọ̀ tó kún bá ń gun Òkè-Ìlẹ́wọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fà símú.

Èyí kì í ṣe àlá mi. Ìlú Kyoto ní Japan bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Àwọn ará àdúgbò ń gbé òróró ilé ìdáná wọn wá sí ibi tí wọ́n yàn, ìlú ń sọ ọ́ di epo, nǹkan bí 220 ọkọ̀ akólẹ̀ sì ń lò ó nígbà náà. Ní 2000 wọ́n fi àwọn kan nínú bọ́ọ̀sì ìlú kún un, àwọn yẹn ní ìdá 20. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé ní 2002 wọ́n ṣe òdiwọ̀n tiwọn fún epo náà, nígbà tí orílẹ̀-èdè wọn kò tíì ní ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn, ní 2004, ni iléeṣẹ́ tó lè ṣe 5,000 lítà lójúmọ́ tó wáyé. Ìlú Graz ní Austria náà, bọ́ọ̀sì méjì péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1994, kí wọ́n tó máa fi kún un lọ́dọọdún.

Ẹ wá wo Berkeley ní California. Ní 2003, wọ́n gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọkọ̀ dísù ìlú náà sórí biodiesel tí kò ní àdàlù kankan, ìròyìn rẹ̀ sì tàn káàkiri. Kò pẹ́ tí fílítà fi ń dí, tí epo tó ń dé ọwọ́ wọn kò fi dára bákan náà nígbà gbogbo. Wọ́n padà sí ìdá 20. Ọkọ̀ kan náà ni, ìlú kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 20, tí mi ò gbójú sókè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ yín, kó má bàa di pé ẹnìkan á gbọ́ ọ lẹ́nu dírẹ́bà. Biodiesel máa ń fọ nǹkan. Táǹkì tó ti mu dísù wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdọ̀tí ti gbé ara jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú tí kì í kúrò. Tí epo tuntun yìí bá wọ ibẹ̀, yóò ṣí ìdọ̀tí náà nídìí, fílítà ló sì máa gbà á. Nítorí náà fílítà àkọ́kọ́ yóò tètè dí, ó sì ṣeé ṣe kí ìkejì náà dí. Dírẹ́bà á ní epo yìí ti ba ọkọ̀ jẹ́. Kò bà á jẹ́, ìdọ̀tí àtẹ̀yìnwá ló ń jáde. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fọ táǹkì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí fílítà tuntun sì wà nílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ti pẹ́, tí hóòsì àti síìlì wọn jẹ́ rọ́bà àtijọ́, biodiesel máa ń mú kí rọ́bà yẹn rọ̀ tàbí kó wú. Ní ìdá 20, wàhálà náà kéré, ṣùgbọ́n ẹ yẹ gbogbo wọn wò, ẹ pààrọ̀ èyí tó bá ti ń jò.

Epo náà kì í fẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ó máa ń fa omi mọ́ra, kòkòrò tíntìntín sì máa ń hù níbi tí epo àti omi bá ti pàdé. Epo tó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà nínú àgbá, ẹ má dà á sọ́kọ̀. Agbára rẹ̀ náà dín díẹ̀. Lítà kan biodiesel lásán fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 kéré sí lítà kan dísù. Tó bá jẹ́ ìdá 20 ni wọ́n lú mọ́ ọn, àdánù náà kò ju ìdá 1 sí ìdá 2 lọ, dírẹ́bà tí kò mọ̀ kò ní fura.

Èyí tó ń kó ìdààmú bá àwọn ará Yúróòpù nípa biodiesel tí wọ́n fi epo pupa ṣe ni òtútù. Ó máa ń dì. Òróró tí à ń fi dín nǹkan lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ara ọ̀pẹ ló ti wá, epo tí wọ́n bá fi ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì tí òtútù bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 13 sí 16 lórí Celsius. Àárọ̀ ọyẹ́ Abẹ́òkúta kì í sábà débẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, oòrùn wa ń ṣe wá lóore.

Ní ti èéfín, àyẹ̀wò tí EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé ìdá 20 yìí ń dín eruku dúdú inú èéfín kù ní nǹkan bí ìdá 10 nínú 100, ó sì ń dín carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín, kù ní nǹkan bí ìdá 11. Ó fi díẹ̀ kún gáàsì mìíràn tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, nitrogen oxide, nǹkan bí ìdá 2. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí tó dùn nìkan.

Àwọn kan á ní: ṣebí CNG, gáàsì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra sínú sílíńdà, nìjọba ń lé báyìí? Mo fọwọ́ sí CNG. Bọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n ṣe fún un, ẹ rà á, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ oní-pẹ́tíróòlù ló rọrùn láti yí sí CNG. Ẹ́ńjìnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì, ìtẹ̀mọ́ra ló fi ń dáná. Láti gbé e sórí gáàsì, ẹ ní láti tú u wò, kẹ́ ẹ yí ọ̀pọ̀ nǹkan inú ẹ̀, tàbí kó máa mu méjèèjì pọ̀. Owó ńlá ni, ọkọ̀ akólẹ̀ tó ti dàgbà kò sì yẹ lóhun tí wọ́n ń ná irú owó yẹn lé lórí. Àwọn ọkọ̀ yẹn ṣì máa wà lójú títì fún ọdún púpọ̀. Wọn á máa mu dísù, gbogbo wa sì mọ iye tó ń jẹ́ láti 2022.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé yóò dínwó lọ́jọ́ kìíní. Methanol tí à ń lò, òkè òkun ló ti ń wá jù, owó rẹ̀ ń tẹ̀lé dọ́là. Ó tún léwu. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015, nígbà tí methanol dé inú ògógóró. Ọ̀pọ̀ èèyàn kú, ojú àwọn mìíràn fọ́. Nítorí náà, ilé ìkẹ́rù methanol gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́, gbogbo lítà tó wọlé àti lítà tó jáde gbọ́dọ̀ wà lákọọ́lẹ̀, kí orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Gílísẹ́rìnì tó bá jáde, ẹ má dà á nù, àwọn alọ́ṣẹ á rà á, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ methanol tó bá kù nínú ẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ìyá kan.

A ní àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ yìí nílùú. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Àlàbàtà, Poli Moshood Abiola wà ní Òjéèrè. Àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n máa ṣe wà níbẹ̀. Ẹ gbé àyẹ̀wò epo fún wọn. Ìpele kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé táǹkì, kí àbájáde rẹ̀ sì wà níbi tí èmi tí mo jẹ́ mẹkáníìkì àti ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ kọmíṣọ́nnà ti lè rí i. Kí ẹni tó ń ta epo náà má jẹ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn nìkan ni yóò gbà wá lọ́wọ́ kọngílá tí yóò lú omi mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé ríbọ́ọ̀nù kankan. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gé e ní orílẹ̀-èdè yìí, ìyókù rẹ̀ wà káàkiri tí ipata ń jẹ. Ọkọ̀ akólẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún ọdún àkọ́kọ́. Kí àwọn mìíràn tó jẹ́ irú wọn gan-an máa mu dísù lásán, ká lè fi wọ́n wéra: epo tí wọ́n mu, fílítà tí wọ́n pààrọ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Kí dírẹ́bà kọ ọ́ sínú ìwé. Tí ọdún náà bá parí tó jẹ́ òfo, ẹ sọ fún wa pé òfo ni.

Tí ẹ bá ṣetán, ẹ rán ọkọ̀ kan sí mi ní Lafẹ́nwá lẹ́yìn tó bá ti mu táǹkì àkọ́kọ́ tán. Èmi yóò tú fílítà rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rán wá, yóò rí ohun tó wà nínú ẹ̀ fúnra rẹ̀, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Mẹkáníìkì dísù kan ní Lafẹ́nwá, Abẹ́òkúta